Adìẹ odindi tí mo tẹ́ sórí èédú: òde jó, inú ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ gbà mí o!

Àdùkẹ́_Peckham · Ọjọ́ Ajé, 9:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín ju bó ṣe yẹ lọ.

Lánàá, oòrùn yọ ní London níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibí mọ̀ pé kì í ṣe ojoojúmọ́. Ọkọ mi ní ká gbé ẹ̀rọ bábékìù jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ká pe ẹ̀gbọ́n òun àti ìyàwó rẹ̀. Mo ra odindi adìẹ kan, kílò kan àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Mo fi síṣọ́ọ̀sì gé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀, bí mo ṣe rí i tí àwọn Potogí ń ṣe é. Mo lọ ata rodo, aáyù àti atalẹ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo da oyin ṣíbí 3 pọ̀ mọ́ ọn, mo fi pa á lára. Iná ràn, mo gbé e lé e.

Ìṣẹ́jú 10 péré, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yí i, ẹ̀gbẹ́ kejì náà dúdú. Mo ní ó ti jinná nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fa itan kan ya, omi pupa ṣàn sórí ìrẹsì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ò sọ nǹkan kan o, ó kàn rọra ti àwo síwájú. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ìrẹsì àti sàláàdì la padà jẹ.

Níbo ni mo ti ṣì í? Àwọn kan náà tún ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, torí ọkọ mi ti lọ fọ́nnu pé a máa tún un ṣe.

Baba_Ìbejì_Houston · Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, má bínú. Ó ti ṣe gbogbo wa rí, àwọn èèyàn kì í kàn sọ ọ́ ni.

Oyin yẹn ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Oyin o, ṣúgà o, kẹ́ṣọ́ọ̀pù o, kò sí èyí tó lè bá iná gbé. Kí ooru tó wọnú ẹran, tiwọn á ti jó. Ìgbà tó bá ku ìṣẹ́jú 5 kí o gbé e sọ̀ ni kí o fi oyin ra á lára.

Mo fẹ́ bi ọ́: báwo lo ṣe tẹ́ èédú sínú ẹ̀rọ yẹn?

Àdùkẹ́_Peckham · Ọjọ́ Ajé, 1:58 ọ̀sán

Káàkiri ìsàlẹ̀ ni, sà. Ó ṣì ń jó lala nígbà tí mo gbé adìẹ lé e. Ọ̀rá ń kán sínú iná, iná ń fò sókè, mo ń wọ́n omi sí i, eérú wá ń fò bo adìẹ. Gbogbo rẹ̀ dà bí ìjà.

Ìyá_Ẹlẹ́dìẹ_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 3:20 ọ̀sán

Ẹ kú ìròyìn. Ọmọ mi, ta ló kọ́ ẹ pé kí o gbé ẹran tútù lé iná? Mo ti ń ta adìẹ ní Bódìjà níbí láti ìgbà tí àkọ́bí mi wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, òun náà ti bímọ báyìí. Adìẹ, wọ́n ń bọ̀ ọ́ ni! Rẹ́ àlùbọ́sà sí i, fi iyọ̀, táìmù, kọrí àti ata díẹ̀ sí i, dé e, kí omi ara rẹ̀ sè é fún ìṣẹ́jú 20 kó tó lọ bá èédú. Tó bá dé orí iná, awọ nìkan ló kù tí iná máa bá wí. Ẹ̀jẹ̀ wo ló tún fẹ́ jáde níbẹ̀? Omi tó kù nínú ìkòkò, o ti rí omi ọbẹ̀ nìyẹn.

Táíwò_Jóbọ̀ọ̀gì · Ọjọ́ Ajé, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ foríjì mí, mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Adìẹ tí wọ́n bọ̀ kí wọ́n tó yan án á jinná lóòótọ́, àmọ́ adùn rẹ̀ ti wà nínú omi yẹn. Ẹnu yín náà lẹ fi sọ ọ́: omi ọbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ gan-an ni pé kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bíbọ̀. Odindi adìẹ rí roboto, àyà rẹ̀ nípọn, itan sá pa mọ́ sábẹ́. Tí o bá tẹ́ ẹ, gbogbo ara rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn bákan náà, itan á wá bọ́ síta níbi tí ooru ti lè rí i mú.

South Africa ni mo ń gbé. Níbí, irú adìẹ yìí ni wọ́n ń pè ní flattie, ẹ máa rà á ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti gé e, tí wọ́n ti fi ata pa á. Yíyan ẹran níta ni braai, wọn kì í sì í fi ṣeré: ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi Heritage Day, Braai Day ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Ata piri-piri, ata wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń pa á, ọwọ́ àwọn Potogí tó ti Mòsáḿbíìkì àti Àńgólà wá ló ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé oúnjẹ Nando's tó kún London yẹn, Rosettenville, ní gúúsù Johannesburg níbí, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1987.

Ó yá, Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe tèmi.

Ẹ da àyà rẹ̀ dé orí pákó, kí ẹ̀yìn kọjú sókè. Láti ibi ìdí, ẹ fi síṣọ́ọ̀sì rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan eegun ẹ̀yìn títí dé ọrùn, kí ẹ padà wá rìn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ yí i padà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà, kí ẹ fi ara yín tì í dáadáa, títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ̀ẹ́". Tí ẹ ò bá tíì gbọ́ ọ, kò tíì tẹ́. Á máa gbé àárín sókè lórí iná bí afárá.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, iyọ̀ nìkan ni kí ẹ fi pa á, ṣíbí ìmùtíì 2 tó fún adìẹ yín yẹn. Ẹ gbé e sínú fíríìjì láìbò ó. Iyọ̀ á wọnú ẹran, awọ á gbẹ. Awọ tí kò gbẹ kì í rí kàràkàrà láéláé, ṣe ló máa ń rọ̀ bí awọ bàtà tí òjò pa.

Èédú wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rọ, kí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Ẹ dúró títí iná tó ń jó lala á fi kú, tí eérú funfun á fi bo èédú, ẹyin iná pọ́ńbélé. Ibi tó ṣófo ni ẹ ó gbé adìẹ sí, ibi eegun nísàlẹ̀, awọ lókè, kí itan kọjú sí iná, torí itan fara da ooru ju àyà lọ. Ẹ dé e, kí ihò atẹ́gùn ìdérí wà lókè adìẹ kí èéfín lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ lọ jókòó. Ìṣẹ́jú 40 sí 50. Ẹ má ṣí i wò ní gbogbo ìgbà, ooru ni ẹ ń tú dànù. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, ẹ wá da awọ rẹ̀ dé orí ẹyin iná fún ìṣẹ́jú 3 tàbí 4, kí ẹ dúró tì í. Ibẹ̀ ni ata olómi àti oyin yín máa ti wúlò.

Ajẹun_má_tàn · Ọjọ́ Ajé, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa èédú o. Ohun tí mo rí ni pé adìẹ tí wọ́n da dé, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, tí apá méjèèjì nà síwájú, jọ ọkọ ìyàwó tó dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àna. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní adìẹ adọ̀bálẹ̀.

Baba_Ìbejì_Houston · Ọjọ́ Ajé, 7:02 ìrọ̀lẹ́

Adìẹ adọ̀bálẹ̀! Mo ti mú un lọ. Ohun tí Táíwò sọ nípa èédú ẹ̀gbẹ́ kan, ṣinṣin ni kí o dì í mú. Tí o bá fẹ́ gbàgbé gbogbo ìyókù, gbàgbé.

Ìyá_Ẹlẹ́dìẹ_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

Táíwò, mo gbọ́ ẹ. Ìwọ mọ adìẹ ṣọ́ọ̀bù, èmi mọ adìẹ. Irú adìẹ wo là ń sọ? Bùrọ́ílà tó lo ọ̀sẹ̀ 6 tàbí 7 láyé, ara rẹ̀ rọ̀ bíi búrẹ́dì, mo gbà pé iná lásán lè ṣe é. Ṣùgbọ́n léyà tó ti yé ẹyin fún ọdún kan ààbọ̀, tí wọ́n wá ń tà ní ọjà lówó pọ́ọ́kú, gbé e lé èédú láìbọ̀, kí o wá rí bí eyín á ṣe sọ fún ẹ. Adìẹ ìbílẹ̀ náà kò yàtọ̀. Kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn má lọ ka ohun tí o kọ yìí, kó fi léyà dán an wò, kó wá máa bú wa.

Táíwò_Jóbọ̀ọ̀gì · Ọjọ́ Ajé, 8:22 alẹ́

Ẹ ṣé mà, ibẹ̀ yẹn ni mi ò rò dé. Léyà gba bíbọ̀, mo túúbá. Ti bùrọ́ílà ni mi ò ní gbà.

Nọ́ọ̀sì_Leeds · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Àǹtí Àdùkẹ́, omi pupa yẹn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ adìẹ ti dà nù níbi tí wọ́n ti pa á. Omi inú ẹran ni, ohun tó ń mú ẹran pọ́n ló wà nínú rẹ̀. Egungun bùrọ́ílà kò tíì gbó, mùdùnmúdùn inú rẹ̀ sì lè jáde kó mú ẹran tó yí i ká pọ́n, kódà tó ti jinná. Nítorí náà àwọ̀ kì í sábà sọ òótọ́, níhà méjèèjì: ẹran tó funfun lè máà tíì jinná.

Ẹ ra tẹmọ́mítà ẹran, kò wọ́n. Ẹ tì í bọ ibi tó nípọn jù ní itan, kó má kan eegun, kí ẹ sì ti ibi tó nípọn jù ní àyà náà. Tí méjèèjì bá ti dé 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ gbé e sọ̀. Itan tiẹ̀ dùn jù tó bá dé 80, ṣùgbọ́n àyà á ti máa gbẹ nígbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí itan fi gbọ́dọ̀ kọjú síbi iná bí Bọ̀dá Táíwò ṣe wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ adìẹ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Omi tó ń ta pàrà ló ń gbé kòkòrò àrùn Campylobacter lọ sórí síǹkì, àwo àti sàláàdì yín. Láti 2014 ni Food Standards Agency, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ti ń pariwo rẹ̀ fún wa níbí. Ooru iná ló ń pa á, omi kò lè pa á.

Ìyá_Ẹlẹ́dìẹ_Bódìjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 àárọ̀

Kí n má fọ adìẹ? Nílé ta? Ọmọ mi, mo bọ̀wọ̀ fún ìwé tí o kà, ṣùgbọ́n adìẹ tí wọn ò fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀, òórùn rẹ̀ nìkan á lé àlejò.

Nọ́ọ̀sì_Leeds · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 àárọ̀

Ẹ má bínú, màmá wa. Ìyá tèmi náà ò gbà, a ti jà á tì. Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyí: adìẹ á wà nínú abọ́ jíjìn, wọn ò ní ṣí ẹ̀rọ omi lé e. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pa á lára nínú abọ́ yẹn, ẹ fi pépà ìnuwọ́ nù ún gbẹ, ẹ ju pépà náà nù, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Òórùn ti lọ, omi ò ta sí nǹkan kan, awọ sì ti gbẹ fún iná.

Ìyá_Ẹlẹ́dìẹ_Bódìjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:11 àárọ̀

Èyí ni mo gbọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ ṣáà débẹ̀.

Onísúyà_Ìlọrin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:44 alẹ́

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti àárọ̀, mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ohun tí Táíwò ń pè ní ẹ̀gbẹ́ kan iná yẹn, àwọn Haúsá onísúyà ti ń ṣe é kí bábékìù tó délé ẹnikẹ́ni. Mo kọ́ iṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀gá mi fún ọdún mẹ́rin kí n tó dá tèmi dúró. Súyà àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní tsire, igi rẹ̀ kì í dùbúlẹ̀ lórí iná. Wọ́n á ri igi mọ́lẹ̀ yí iná ká, kó fì síbẹ̀ díẹ̀, ẹran á máa wo iná lójú, iná kò ní jó lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá á kán sílẹ̀, kò ní kán sínú iná. Báwo ni iná ṣe tún máa fò?

Nípa ata: yájì ni kí ẹ gbìyànjú, kì í ṣe ata rodo olómi. Kúlíkúlí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò dáadáa, tí wọ́n gún kúnná; atalẹ̀ gbígbẹ, ata gígún, kànáfùrù díẹ̀, ẹ̀ẹ̀rù, iyọ̀. Kànáfùrù, ẹ má jẹ́ kó pọ̀, bí ó bá pọ̀ ẹnu á kú bíi pé dókítà eyín ti gún yín lábẹ́rẹ́. Kúlíkúlí náà ń jó, ẹ̀pà kúkú ni. Ẹ fi òróró àti yájì díẹ̀ pa adìẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá wọ́n èyí tó pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá gbé e sọ̀, tó ṣì ń yọ èéfín, pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù tí ẹ rẹ́.

Kẹ́hìndé_ní_Bàhíà · Ọjọ́rú, 2:18 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ ata nìkan ni mo ní o. Ní Bàhíà ní Brazil níbí, ata wẹ́wẹ́ pupa tí wọ́n ń fi sí àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, malagueta lorúkọ rẹ̀. Ìbátan ata ìjọ̀sì wa ni, òun náà sì ni ìbátan piri-piri. Orúkọ yẹn kì í ṣe tirẹ̀ láti ilẹ̀: atare ni àwọn Potogí ń pè ní malagueta nígbà tí wọ́n ń rà á ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ata Amẹ́ríkà dé ọwọ́ wọn, wọ́n gbé orúkọ atare wọ̀ ọ́. Atare fúnra rẹ̀ wá di pimenta-da-costa, ata etíkun, níbí. Nítorí náà, Àǹtí Àdùkẹ́, bí ẹ bá gún atare hóró mẹ́wàá sínú ata adìẹ yín, ẹ ò ṣe àṣejù. Mo ti dán an wò. Ó ń ta lẹ́yìn ọ̀fun, kì í ṣe lórí ahọ́n.

Akin_Mókọ́lá · Ọjọ́rú, 8:03 alẹ́

Ẹ̀yin ará òkè òkun, gbogbo yín ní ẹ̀rọ tó ní ìdérí. Ààbọ̀ dírọ́ọ̀mù àti wáyà lèmi ní. Kí ni kí n fi dé e?

Onísúyà_Ìlọrin · Ọjọ́rú, 8:20 alẹ́

Agbada alumíníọ́ọ̀mù tí ìyá rẹ fi ń se ìrẹsì òde. Dojú rẹ̀ dé adìẹ lórí wáyà. Fi bíríkì kékeré gbé etí kan sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ kọ́kọ́ o, torí èéfín á pa inú rẹ̀ dúdú. Kí o tún gún igi súyà méjì gba inú rẹ̀ kọjá bí àgbélébùú, láti itan dé apá òdìkejì. Tí o bá fẹ́ yí i, igi ni wàá dì mú, adìẹ ò ní ya sí méjì lọ́wọ́ rẹ.

Èédú igi ayìn ni kí o béèrè ní ọjà. Ó ń pẹ́, kì í ta pàrà. Má ra èyí tó fúyẹ́.

Àdùkẹ́_Peckham · Ọjọ́ Àìkú, 11:26 àárọ̀

Mo dé o!

Mo fi iyọ̀ pa á lálẹ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á nínú abọ́ (Màmá Bódìjà, mo rántí yín). Mo tẹ àyà rẹ̀, mo gbọ́ "kẹ̀ẹ́" yẹn, inú mi dùn bí ẹni tó yege ìdánwò. Atalẹ̀, aáyù, ata gígún, atare hóró mẹ́wàá, òróró díẹ̀. Oyin ò sí níbẹ̀. Èédú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Aago méjì ni mo gbé e kalẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 10, òjò bẹ̀rẹ̀. Òjò London kì í rọ̀ kó tán, ó kàn ń ṣẹ́ wínníwínní. Ọkọ mi gbé agboòrùn, ó dúró ti ẹ̀rọ náà fún odindi ìṣẹ́jú 50 bí ẹni tó ń ṣọ́ ọba. Ó fẹ́ ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń pariwo láti ojú fèrèsé ìdáná. Tẹmọ́mítà ní itan 79, àyà 75. Mo da awọ dé orí ẹyin iná. Ìgbà tí mo sáré wọlé lọ mú àwo, ṣóńṣó apá adìẹ náà kan jó díẹ̀. Ẹ̀bi mi ni, Bọ̀dá Táíwò ti ní kí n dúró tì í.

Awọ rẹ̀ ń dún lábẹ́ ọ̀bẹ. Inú ń sun omi, omi tó mọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jẹ ti àwo rẹ̀ tán, ó wá bèèrè bí mo ṣe ṣe é. Mo ní adìẹ adọ̀bálẹ̀ ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun.

Baba_Ìbejì_Houston · Ọjọ́ Àìkú, 2:09 ọ̀sán

O káre láé! Fọ́tò dà?

Àdùkẹ́_Peckham · Ọjọ́ Àìkú, 2:15 ọ̀sán

Wọ́n ti jẹ ẹ́ kí n tó rántí fóònù, sà.

Ìyá_Ẹlẹ́dìẹ_Bódìjà · Ọjọ́ Àìkú, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ dáadáa. Eegun ẹ̀yìn tí o gé kúrò yẹn ńkọ́? Ṣé o ò jù ú nù?

Àdùkẹ́_Peckham · Ọjọ́ Àìkú, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Rárá o, mà. Òun àti àlùbọ́sà ni mo fi se omi tí mo fi se jọ̀lọ́ọ̀fù.

Ìyá_Ẹlẹ́dìẹ_Bódìjà · Ọjọ́ Àìkú, 4:55 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa. Iwe ńkọ́? Ta lo gbé e fún?

Àdùkẹ́_Peckham · Ọjọ́ Àìkú, 5:01 ìrọ̀lẹ́

Kò sí iwe nínú rẹ̀, mà. Adìẹ tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù níbí, wọ́n ti kó gbogbo inú rẹ̀ kúrò.

Ìyá_Ẹlẹ́dìẹ_Bódìjà · Ọjọ́ Àìkú, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Adìẹ tí kò ní iwe! Kí wá lo gbé síwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ?

Àdùkẹ́_Peckham · Ọjọ́ Àìkú, 5:04 ìrọ̀lẹ́

Itan, mà. Méjèèjì.